Èrò Pọ̀ Nídìí Ìkòkò: Ojú tí Olùdókòwò fi ń Wo Òwò Oúnjẹ ní Ouagadougou, Èkó àti Abidjan

Ìfáàrà

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní bí ebi bá ti kúrò nínú ìṣẹ́, ìṣẹ́ bùṣe. Kò sí ìlú tí òwe yìí kò bá mu, ṣùgbọ́n ó bá Ouagadougou, olú-ìlú Burkina Faso, mu rẹ́gí. Bí oòrùn bá ti kan àtàrí, òórùn oúnjẹ a gba ìgboro: ìrẹsì òun ẹ̀wà tí wọ́n ń pè ní benga, òkèlè ìyẹ̀fun ọkà tí wọ́n ń pè ní tô, ẹran tí wọ́n gún mọ́ igi tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n sì sun, àti adìyẹ ìbílẹ̀ tí wọ́n yan lórí ẹyin iná. Akọ̀wé ìjọba ń jẹun níbẹ̀, oníkẹ̀kẹ́ ń jẹun níbẹ̀, akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì náà kò gbẹ́yìn.

Ṣùgbọ́n bí a bá wo orúkọ àwọn ilé-iṣẹ́ Burkina Faso tó ti wọ ọjà ìpín ìdókòwò tí àwọn orílẹ̀-èdè tó ń ná owó sẹ́fà ní Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà jọ ní, mẹ́ta péré ni a ó kà títí di òpin ọdún 2024. ONATEL, ilé-iṣẹ́ tẹlifóònù, wọlé ní 2009. Bank of Africa Burkina Faso tẹ̀ lé e ní 2010, Coris Bank International sì wọlé ní 2016. Tẹlifóònù kan, báǹkì méjì. Kò sí ẹni tó ń dáná nínú wọn.

Kí ló fà á tí òwò tí gbogbo ènìyàn ń bá pàdé lójoojúmọ́ fi ṣòro láti gé sí ìpín tà? Kí sì ni àwọn tó ti ra irú ìpín bẹ́ẹ̀ ní ibòmíràn rò nípa rẹ̀? Èdè wa fún wa ní ọ̀nà tí a lè gbà wo ọ̀rọ̀ náà. Èrò ni ọ̀pọ̀ ènìyàn tó ń wọ́ tìrítìrí. Èrò náà ni ohun tí ènìyàn ní lọ́kàn nípa nǹkan. Ìró kan náà ni, àkọtọ́ kan náà ni, ìtumọ̀ ni ó yàtọ̀. Ohun tí a fẹ́ fi hàn nínú àròkọ yìí ni pé nínú òwò oúnjẹ, èrò ọkàn olùdókòwò sábà máa ń tẹ̀ lé èrò tó pọ̀ lẹ́nu ọ̀nà, bẹ́ẹ̀ kì í ṣe iye àwọn tó ń jẹun ni ó ń sọ èrè bí kò ṣe ohun tó ṣẹ́kù nígbà tí a bá fọ ìkòkò tán. Ìtàn Èkó àti ti Abidjan jẹ́rìí sí i, ti Ouagadougou sì kọ́ wa ní ẹ̀kọ́ mìíràn lé e.

Ìpín, ìṣe àti àpò

Kí a tó wọ inú ìtàn, ó yẹ kí a yẹ àwọn ọ̀rọ̀ tí a ń lò wò. Nígbà tí Yorùbá bá gbọ́ "ìpín", ohun tó kọ́kọ́ sọ sí i lọ́kàn ni nǹkan tí a gé tí a sì pín: ìpín ẹran tí àwọn ọdẹ pín, ìpín ogún, tàbí ìpín tí ènìyàn yàn láti òde ọ̀run wá. Nínú gbogbo wọn, ẹni tó gba ìpín ti gba nǹkan kan sọ́wọ́. Ìpín ìdókòwò kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹni tó ra ìpín nínú ilé oúnjẹ kò ní àga kan níbẹ̀, kò sì ní ṣíbí kan. Ohun tó rà ni ẹ̀tọ́ láti jẹ nínú ohun tó bá ṣẹ́kù lẹ́yìn tí a bá ti san owó ẹran, owó iná, owó òṣìṣẹ́, owó ilé, owó orí àti gbèsè. Bí nǹkan kan kò bá ṣẹ́kù, kò ní ohunkóhun í gbà, bí ilé náà tilẹ̀ kún fún ènìyàn láti àárọ̀ di alẹ́.

Ní Ouagadougou, èdè Faransé ni wọ́n fi ń sọ ọ̀rọ̀ yìí, ojú ibòmíràn sì ni èdè náà kọ sí. "Action" ni wọ́n ń pe ìpín, ọ̀rọ̀ kan náà tó túmọ̀ sí ìṣe. "Bourse" ni wọ́n ń pe ọjà ìpín, ọ̀rọ̀ tó túmọ̀ sí àpò owó, òun kan náà ni akẹ́kọ̀ọ́ sì ń pe owó ìrànlọ́wọ́ tí ìjọba fún un láti fi kàwé. Yorùbá ń gbọ́ pínpín, ẹni tó ń sọ Faransé ń gbọ́ ṣíṣe àti àpò. Kò sí èyí tó sọ fún ẹni tí kò mọ̀ pé ohun tó kù ni a ń rà. Ẹni tí ọ̀rọ̀ kò bá là yé kò lè ní èrò tó yè kooro lórí ohun tó fẹ́ fi owó rẹ̀ sí.

Ìkòkò Ouagadougou

Òwò oúnjẹ ní Ouagadougou kò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ọwọ́ àwọn obìnrin ni pípọn àti títa dolo, ọtí ọkà bàbà, ti wà tipẹ́ láàrin àwọn Mossi, ibi tí wọ́n ti ń tà á sì jẹ́ ibi ìpàdé àti ibi ìtàkúrọ̀sọ. Nígbà tí ọ̀nà ọkọ̀ ojú irin tó ti Abidjan wá dé Ouagadougou ní 1954, ẹsẹ̀ àwọn arìnrìn-àjò pọ̀ sí i, àwọn tó ń bọ́ wọn náà sì pọ̀ sí i. Àwọn Yorùbá oníṣòwò wà lára àwọn tó ń rìn ní agbègbè wọ̀nyí. Nago tàbí Anago ni wọ́n ń pè wọ́n ní ọ̀pọ̀ ìlú tó ń sọ Faransé. Nígbà tí ìjọba Gánà lé àwọn àjèjì tí kò ní ìwé ìgbélùú ní oṣù kọkànlá 1969, ọ̀pọ̀ Yorùbá padà sílé, àwọn mìíràn sì yà sí àwọn orílẹ̀-èdè tó múlé gbè é.

Láàrin 1983 sí 1987, nígbà tí Thomas Sankara wà lórí oyè, ìjọba rọ àwọn ará ìlú pé ohun tí Burkina Faso bá gbìn ni kí wọ́n máa jẹ, ohun tí wọ́n bá hun ni kí wọ́n máa wọ̀. Ní oṣù kìíní 1994, wọ́n dín iye owó sẹ́fà kù: fráǹkì Faransé kan, tó jẹ́ 50 sẹ́fà tẹ́lẹ̀, di 100 sẹ́fà. Ẹni tó ń fi ìyẹ̀fun àlìkámà òkè òkun ṣe búrẹ́dì rí i pé ohun èlò rẹ̀ di ọ̀wọ́n lójijì. Ọkà bàbà àti ẹ̀wà tí wọ́n gbìn nílé kò ní ìdí láti gbówó lórí bẹ́ẹ̀. Bákan náà ni adìyẹ ìbílẹ̀ tí wọ́n ń pè ní poulet bicyclette, ìyẹn adìyẹ kẹ̀kẹ́, orí kẹ̀kẹ́ ni wọ́n sì sábà máa ń so ó mọ́ wá láti abúlé.

Ta wá ni olùdókòwò nínú òwò yìí? Lọ́pọ̀ ìgbà, àwọn ẹlẹgbẹ́ olóúnjẹ fúnra wọn ni. Tontine ni wọ́n ń pè é níbẹ̀, èsúsú ni a ń pè é níhìn-ín. Àwọn obìnrin kan a máa dá owó jọ lọ́sẹ̀ lọ́sẹ̀ tàbí lóṣooṣù, ẹni tó bá kàn a kó gbogbo rẹ̀, a fi ra ìkòkò, a fi ra àpò ìrẹsì, a fi tún ìsọ̀ ṣe. Àwọn tó ń dá owó yìí ní èrò lórí òwò ara wọn, èrò náà sì jinlẹ̀. Wọn kì í bèèrè ìwé ìṣirò. Ìwà ni wọ́n ń bèèrè. Ṣé ó máa ń jí? Ṣé ó máa ń san gbèsè aláta? Ṣé ọbẹ̀ rẹ̀ kì í yí padà láti ọjọ́ dé ọjọ́? Ẹni tó ń rí ìkòkò lójoojúmọ́ kò nílò ìwé tó ń sọ ohun tó wà nínú rẹ̀.

Irú èrò bẹ́ẹ̀ péye, ṣùgbọ́n kò lè rìn jìnnà. Ẹni tó wà ní Bobo-Dioulasso kò lè mọ ìwà olóúnjẹ tó wà ní Ouagadougou. Ìdí nìyí tí ọjà ìpín fi wà: kí ẹni tí kò rí ìkòkò lè fi owó sí i, kí ìwé sì dípò ojú. Ìbéèrè tó kù ni bóyá ìwé náà dípò ojú lóòótọ́.

Ohun tí ojú rí ní Èkó

Èkó ni a ti rí ìdáhùn tó ṣe kedere jù. Ilé-iṣẹ́ UAC, tó ni ilé ìtajà Kingsway, ni ó dá Mr Bigg's sílẹ̀ ní 1986. Mítì páì àti adìyẹ díndín di ohun tí òbí fi ń ṣe ọmọ lóore ní ọjọ́ Àìkú, àwọn ilé oúnjẹ náà sì ju ọgọ́rùn-ún lọ káàkiri Nàìjíríà nígbà tó yá. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá fẹ́ràn Mr Bigg's kò lè ra ìpín Mr Bigg's. Ìpín UAC ni yóò rà, ọ̀dà, ilé kíkọ́ àti àwọn òwò mìíràn sì wà nínú rẹ̀. Èrò tó ń wọ́ lọ síbẹ̀ kò lè sọ fún un iye tí mítì páì pa.

Tantalizers ni ó fún aráàlú láǹfààní láti ra ìpín ilé oúnjẹ gan-an. Tọkọtaya Folu àti Bose Ayeni ni ó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní Festac, ní Èkó, ní 1997. Ó gbilẹ̀, ó sì wọ ọjà ìpín ìdókòwò Nàìjíríà ní 2008. Ọdún náà ni a gbọ́dọ̀ kíyè sí. Ní ọjọ́ karùn-ún oṣù kẹta 2008, òṣùwọ̀n gbogbo ìpín tó wà lórí ọjà náà gòkè dé 66,371, èyí tó ga jù tí ó tíì dé rí nígbà náà. Olùkọ́, òṣìṣẹ́ fẹ̀yìntì, oníṣòwò, gbogbo wọn ló ń ra ìpín. Àwọn mìíràn yáwó rà á. Ní ìbẹ̀rẹ̀ 2009, òṣùwọ̀n náà ti já wálẹ̀ sí nǹkan bíi 20,000.

Kì í ṣe Tantalizers nìkan ni ìjì yìí jà lù. Ṣùgbọ́n nígbà tí àwọn báǹkì kan gbéra nílẹ̀ padà, Tantalizers dúró sí 50 kọ́bọ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún. 50 kọ́bọ̀ yìí ní ìtumọ̀. Òfin ọjà nígbà náà ni pé owó ìpín kan kò gbọ̀dọ̀ wálẹ̀ kọjá iye tí a kọ sára rẹ̀, 50 kọ́bọ̀ ni a sì kọ sára ti Tantalizers. Ẹni tó bá ka ìwé ìròyìn yóò rí 50 kọ́bọ̀ lónìí, 50 kọ́bọ̀ lọ́la, yóò sì rò pé nǹkan dúró ṣinṣin. Bẹ́ẹ̀, ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé àwọn tó fẹ́ tà pọ̀, kò sí ẹni tó fẹ́ rà. Òfin ni kò jẹ́ kí èrò olùdókòwò jáde lẹ́nu. Nígbà tí wọ́n yí òfin náà padà ní oṣù kìíní 2018, tí wọ́n fi àyè sílẹ̀ kí ìpín lè wálẹ̀ dé kọ́bọ̀ kan, owó ìpín Tantalizers já kọjá 50 kọ́bọ̀. Àwọn olùdókòwò ṣẹ̀ṣẹ̀ rí àyè sọ ohun tó ti wà lọ́kàn wọn tipẹ́ ni.

Kí ni ó ń jẹ èrè irú ilé oúnjẹ bẹ́ẹ̀? Ẹni tó bá gbé ní Èkó mọ̀ ọ́n. Ẹ̀rọ amúnáwá ń mu epo dísù tọ̀sán tòru kí adìyẹ inú fìríìjì má baà bàjẹ́. Onílé ń gba owó ilé ọdún méjì lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. KFC dé sí Nàìjíríà ní 2009, Domino's dé ní 2012, àwọn ọ̀dọ́ sì fẹ́ràn ohun tuntun. Ní ẹ̀gbẹ́ kejì, búkà tó wà ní kọ̀rọ̀ ń fi igi dáná, kò lo fìríìjì púpọ̀ nítorí ohun tó bá sè lónìí ni yóò tà lónìí. Ilé oúnjẹ ńlá wà láàrin méjèèjì, owó rẹ̀ sì ń jò láti ibi púpọ̀. Èrò tó wà lẹ́nu ọ̀nà kò rí ibi tó ń jò.

A lè fi ti Amẹ́ríkà wé e. Ní oṣù kẹrin 1965, McDonald's ta ìpín rẹ̀ fún aráàlú ní dọ́là 22.50 ọ̀kọ̀ọ̀kan, àwọn tó rà á tí wọ́n sì mú sùúrù di ọlọ́rọ̀. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ń fi ìtàn yìí sọ pé oúnjẹ kíákíá ń mówó wá. Ṣùgbọ́n láti 1956 ni Harry Sonneborn ti gbà wọ́n nímọ̀ràn pé kí ilé-iṣẹ́ náà máa gba ilẹ̀ àti ilé, kí ó sì máa fi wọ́n háyà fún àwọn tó ń dáná lábẹ́ orúkọ rẹ̀. Owó háyà ń wọlé, ìbáà jẹ́ pé ọ̀dùnkún wọ́n tàbí kò wọ́n. Ní Amẹ́ríkà, ilé oúnjẹ ni onílé. Ní Èkó, ilé oúnjẹ ni ayálégbé. Ẹni tó bá fi èrò tó wà lẹ́nu ọ̀nà ṣe ìdájọ́ kò lè rí ìyàtọ̀ yìí.

Ọkọ̀ òfuurufú àti Burger King ní Abidjan

Ẹ jẹ́ kí a padà sí ilẹ̀ tí owó sẹ́fà ti ń jẹ́ níná, nítorí ọjà tó wà ní Abidjan ni ọjà ará Ouagadougou. Ọjà náà, tí wọ́n ń pè ní BRVM, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ kẹrìndínlógún oṣù kẹsàn-án 1998, ó sì gba ipò ọjà ti Abidjan nìkan tó ti ń ṣiṣẹ́ láti 1976. Orílẹ̀-èdè mẹ́jọ ló jọ ni ín. Ẹni tó wà ní Ouagadougou kò nílò láti wọ ọkọ̀ lọ sí Abidjan. Alágbàtà tó ní ìwé àṣẹ wà nílé, òun ni yóò bá a rà. Ọjà yìí náà ní òfin tirẹ̀: ní ọjọ́ kan ṣoṣo, owó ìpín kan kò gbọ̀dọ̀ gòkè tàbí wálẹ̀ ju 7.5 nínú ọgọ́rùn-ún lọ.

Ìpín oúnjẹ sísè tí ará Ouagadougou lè rà níbẹ̀ ni ti Servair Abidjan, tí wọ́n ń pè ní Abidjan Catering tẹ́lẹ̀. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti se oúnjẹ fún àwọn èrò inú ọkọ̀ òfuurufú. Èyí mú kí ayé rẹ̀ so mọ́ ti pápákọ̀ òfuurufú. Nígbà tí Air Afrique kógbá wọlé ní 2002, tí ogun sì bẹ́ sílẹ̀ ní Côte d'Ivoire ní oṣù kẹsàn-án ọdún kan náà, àti nígbà rògbòdìyàn tó tẹ̀ lé ìbò ní 2010 sí 2011, ẹni tó ní ìpín náà ní láti máa ka ìròyìn ìṣèlú kí ó tó mọ̀ bóyá oúnjẹ yóò tà. Ní oṣù kejìlá 2015, ilé-iṣẹ́ náà ṣí Burger King sí Abidjan. Ní 2020, àrùn Kòrónà dá ọkọ̀ òfuurufú dúró sílẹ̀.

Ọ̀nà mẹ́ta ni ènìyàn lè gbà wo irú ìpín bẹ́ẹ̀. Ẹni àkọ́kọ́ ń wo èrè tí wọ́n ń pín lọ́dọọdún. Bí ó bá ti ń rí i gbà, ọkàn rẹ̀ balẹ̀. Ẹni kejì ń wo ẹni tí ilé-iṣẹ́ náà gbára lé; ó ń bèèrè pé bí ọkọ̀ òfuurufú kò bá fò, ta ni yóò jẹ oúnjẹ náà? Ẹni kẹta rí Burger King, ó rí ìlà gígùn tí àwọn ọ̀dọ́ tò sí, ó sì fẹ́ rà nítorí ìlà náà. Ẹni kẹta yìí ni a ti bá pàdé ní Èkó. Ẹni kejì ni ó bèèrè ìbéèrè tí àwọn obìnrin onítontine ń bèèrè: ibo ni oníbàárà rẹ ti ń wá, kí ni yóò sì ṣẹlẹ̀ bí kò bá wá?

Ewu tí kò sí nínú ìwé

Ouagadougou fi ẹ̀jẹ̀ mọ bí ìbéèrè yìí ti wúwo tó. Ní alẹ́ ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún oṣù kìíní 2016, àwọn agbébọn kọlu ilé oúnjẹ Cappuccino àti ilé ìtura Splendid ní òpópónà Kwame Nkrumah. 30 ènìyàn ni ó pàdánù ẹ̀mí wọn. Ní ọjọ́ kẹtàlá oṣù kẹjọ 2017, wọ́n tún kọlu ilé oúnjẹ Aziz Istanbul ní òpópónà kan náà, ó sì ju ènìyàn 15 lọ tó kú. Ìjókòó oúnjẹ ni àwọn ènìyàn wọ̀nyí wà. Ọ̀rọ̀ ẹ̀mí kọ́kọ́ ju ọ̀rọ̀ owó lọ, a kò sì gbọ́dọ̀ fi èkejì bo èkíní mọ́lẹ̀.

Síbẹ̀, ẹni tó ń kọ ìtàn òwò kò lè fò ó dá. Ibi tí èrò pọ̀ sí jù ni àwọn apànìyàn wá. Ohun tí olùdókòwò kà sí agbára ilé oúnjẹ, ìyẹn orúkọ ńlá, ojú títì tó mọ́lẹ̀ àti àwọn àlejò láti òkè òkun, òun náà ni ó di ewu rẹ̀. Olóúnjẹ inú àdúgbò tó ń bọ́ àwọn aládùúgbò rẹ̀ kò ní orúkọ tí a lè gbọ́ ní òkèèrè, ṣùgbọ́n oníbàárà rẹ̀ yóò tún jí ní àdúgbò kan náà lọ́la, ebi yóò sì tún pa á.

Ní oṣù kejìlá 2017, BRVM ṣí ìsọ̀rí kẹta fún àwọn ilé-iṣẹ́ kéékèèké àti alábọ́dé. A lè sọ pé ilẹ̀kùn ti ṣí. Ṣùgbọ́n ẹni tó fẹ́ wọlé gbọ́dọ̀ ní ìwé ìṣirò tí ayẹ̀wéwò fọwọ́ sí, èdè Faransé sì ni èdè ìwé náà. Olóúnjẹ tó ń bọ́ igba ènìyàn lóòjọ́, tó sì ń fi orí ṣe gbogbo ìṣirò rẹ̀, kò sí níbẹ̀. Bí ọjà bá ń fi ìwé nìkan mọ ènìyàn, àwọn tó ń bọ́ ìlú yóò wà lẹ́yìn odi ọrọ̀ ìlú.

Ìkádìí

A kò sọ pé kí olóúnjẹ Ouagadougou di ilé-iṣẹ́ orí ọjà ìpín lọ́la. Bóyá ohun tó mú kí wọ́n fọkàn tán an kò ṣe é gé sí ẹgbẹ̀rún ọ̀nà. Ohun tí a ń sọ ni pé ìmọ̀ tó ń lò nídìí ìkòkò ni ìmọ̀ tí àwọn tó ra ìpín ilé oúnjẹ ní 2008 nílò tí wọn kò rí lò. Èdè wa sì ti ní ọ̀rọ̀ fún ìmọ̀ náà. Ìyá ọlọ́jà mọ ojú owó, ìyẹn owó tí ó fi bẹ̀rẹ̀. Ó mọ owó ọjà, ìyẹn owó tó wọlé. Ó mọ èrè, ìyẹn ohun tó kù. Bí ó bá rí ẹni tó ń náwó yàlàyàlà nígbà tí ọjà ń tà, yóò sọ pé ojú owó ni ó ń jẹ yẹn. Gbólóhùn kan yìí ṣàlàyé ohun tó ṣe ọ̀pọ̀ ilé oúnjẹ ńlá.

Nítorí náà, iṣẹ́ wà lọ́wọ́ àwa olùkọ́ èdè. Nígbà tí a bá ń kọ́ akẹ́kọ̀ọ́ ní "ìpín", ẹ jẹ́ kí a fi kún un pé ìpín kan wà tí í ṣe ẹ̀tọ́ sí àṣẹ́kù. Nígbà tí a bá ń kọ́ wọn ní "èrò" àti "èrò", ẹ jẹ́ kí a fi ilé oúnjẹ ṣe àpẹẹrẹ. Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá lóye ìyàtọ̀ méjèèjì yóò mọ ohun tí yóò bèèrè lọ́jọ́ tí ẹnìkan bá gbé ìwé ìpín wá bá a, tó ń sọ pé kí ó wo bí ilé oúnjẹ náà ti kún tó. Yóò ní kí ẹni náà ṣí ìkòkò kí òun rí ohun tó kù.